Apá Òsì Tó Ń Dúró De Ìbuwọ́lù Kejì: Ìgbésí Ayé Olóògbé Alhaji Jìbírílù Àpọ́nlé Akíndé (1951–2025)

Àwa ọmọ Akíndé ń fi ọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí pé bàbá wa kò dá wà lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé wọn. Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, ayálégbé yàrá mẹ́fà, fóònù méjì tí kì í sinmi: ta ni yóò ní gbogbo èyí tí yóò ní òun dá wà? Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n ni a ti kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀, a sì ti ń kí ara wa kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni àlejò kan dé láti Ìjù, tó ní kí a fi ohun tó wà lẹ́yìnkùlé han òun. Láti ìgbà náà, a kò lè pa gbólóhùn yẹn rẹ́, a kò sì lè fi ẹnu gbogbo sọ ọ́ mọ́. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kà á lọ, ẹ ó rí ibi tó ti já.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Bàbá ní agbolé Akíndé, ní àdúgbò Ìjánà, nílùú Ọ̀tà. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Pa Akíndé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Ìyá wọn ni Ìyá Àlàrí, tó ń ta abọ́ tánganran. Pa Akíndé mọ kẹ̀kẹ́ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn àfi tí Ìyá Àlàrí, tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí, bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bíréèkì. Ìyá á tẹ̀ ẹ́, á tì í síwájú, á ní, “Ó dúró,” tàbí, “Bàbá Jìbírílù, èyí fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.” Níbẹ̀ ni Bàbá dàgbà sí.

Bàbá lọ sí ilé-kéú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958. Ọmọ tó ń wo ojú fèrèsé ni wọ́n. Ìgbà kan, olùkọ́ béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wọn, Bàbá dáhùn pé apá igún gùn, ó sì gbòòrò, ṣùgbọ́n apá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, kí ló fà á? Ẹgba mẹ́fà ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Wíwo ojú fèrèsé kan náà ni wọ́n wá fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n parí ilé-ìwé módà ní 1967, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yábàá.

Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan gbà wọ́n síṣẹ́ ní ilé àtúnṣe tó wà ní Ìkẹjà, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó apá ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé apá ọkọ̀ òfurufú jẹ́ pákó gbọọrọ kan tí wọ́n so mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí Bàbá o! Wọ́n á ní kí ẹ jókòó, ó di wákàtí méjì. Wọ́n á ní ọkọ̀ tí kò sáré, apá rẹ̀ nà tààrà bíi ti igún, kó lè léfòó láìlàágùn. Èyí tó ń sáré, apá rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ti àwọn ológun kan sì wà tí tirẹ̀ ní igun mẹ́ta, bí ìborùn tí a ṣẹ́ po sí méjì. Lẹ́yìn apá yìí ni àwọn páànù tó ń mì wà. Àwọn ńlá tó sún mọ́ ara ọkọ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀, kó lè rọra rìn láìjábọ́. Èyí tó wà lápá ìparí pátápátá, Bàbá ń pè é ní etí. Bí awakọ̀ bá yí ọ̀pá ìdarí sí òsì, etí apá òsì á nà sókè, ti ọ̀tún á rọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì fì sí òsì. Ṣùgbọ́n bí àwọn wáyà tó ń fa etí bá gba ọ̀nà òdì, awakọ̀ á yí sí òsì, ọkọ̀ á fì sí ọ̀tún, àwọn èrò inú rẹ̀ á sì lọ síbi tí wọn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ etí kì í fi í tán lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó ṣe é á buwọ́ lu ìwé. Ẹlòmíì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, á wá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mì í, òun náà á wá buwọ́ lù ú. Títí ìbuwọ́lù kejì yóò fi wọlé, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mira, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tó ń ṣe ìbuwọ́lù kejì fún Bàbá ni Alàgbà Oyèwọlé, ọmọ Ìjù, tí wọ́n jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà. Bàbá ní ìwà kan tí ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ gbọ́: wọ́n á tọ́jú bébà kékeré kan sí abẹ́ ìdérí apá, níbi tí ẹni tó bá wò ó dáadáa nìkan lè rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà níbẹ̀: “Oyèwọlé, imú rẹ ti kan irin.” Alàgbà Oyèwọlé á yọ ọ́, á kà á síta, á ní, “Jìbírílù, ọkọ̀ lo ń tún ṣe àbí o ń kọ lẹ́tà ìfẹ́?” Gbogbo ilé àtúnṣe á bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1978, Bàbá fẹ́ Mùíbátù, aránṣọ, ọmọ Ọ̀tà bíi tiwọn. Nígbà tí àlùfáà ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbi níkà, inú Bàbá dùn débi pé wọ́n kan sáárá sí àlùfáà nínú mọ́sálásí. Wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn àti iṣẹ́ àwọn, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Ìyàwó ò sì bá wọn ṣeré. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ìbuwọ́lù kejì ilé: Bàbá á pa sítóòfù, Màmá á lọ wò ó, Bàbá á ti ilẹ̀kùn, Màmá á tì í wò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1988, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá so wáyà etí ọkọ̀ kan, wọ́n sáré lọ kírun. Wọ́n so ó lódì. Alàgbà Oyèwọlé jókòó sídìí tábìlì, ó rí ìbuwọ́lù Jìbírílù, ó sì buwọ́ lù ú láìdìde. Àwọn èrò ti wọkọ̀. Awakọ̀ mi ọ̀pá ìdarí wò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéra, ẹni tó dúró nílẹ̀ rí i pé etí ń lọ síbi tí kò yẹ, ó pariwo. Wọ́n sọ gbogbo èrò kalẹ̀. Irun orí ẹnì kan kò já. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí apá, bébà Bàbá wà níbẹ̀, bó ṣe wà látàárọ̀. Wọ́n pe Bàbá, Bàbá sì sọ ọ́ bó ṣe rí: “Èmi ni mo so ó lódì. Oyèwọlé kò wò ó.”

Wọ́n já ipò Bàbá lulẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n lé Alàgbà Oyèwọlé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé wíwò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́nu géètì, tó di àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Jìbírílù, nítorí pé mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ ni mi ò ṣe wò ó.” Bàbá ní, “Ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ ni wọ́n ní kí o buwọ́ lù.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n jọ sọ náà ni. Láti Ìjù sí Ilo-Awela, níbi tí Bàbá kọ́lé sí, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọ̀kadà náà fi wà ní ìdúró. Àwọn míì ń ṣe ìbuwọ́lù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n Bàbá kò fi bébà sínú apá mọ́.

Wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe fáànù àjà ní Sango gbà wọ́n láti máa yẹ fáànù wò. Bàbá wo abẹ̀bẹ̀ fáànù tuntun kan, wọ́n ní, “Apá kékeré ni èyí, ẹ sì ti gbé e dojú rú. Àjà ló máa fẹ́ atẹ́gùn sí.” Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá arúgbó yìí rò pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú la wà. Wọ́n gbé fáànù kọ́, máníjà dúró sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, wọ́n tanná sí i. Òógùn ń bọ́ lára máníjà, àjà ń gbádùn. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ Bàbá ní Páílọ́ọ̀tì láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2013.

Nípa ti ẹ̀sìn, Bàbá kì í fi irun wákàtí márùn-ún ṣeré. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2006. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó dojú kọ apá ni wọ́n jókòó sí, wọn kò sùn, wọn kò jẹun, etí ni wọ́n ń wò láti Ìkẹjà títí dé Jẹ́dà. Nígbà tí a béèrè àdúà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níwájú Kábà, wọ́n ní àwọn gbàdúà fún ẹni tó ṣe ìbuwọ́lù kejì.

Nípa ti àdúgbò, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni Bàbá máa ń rìn kiri Ilo-Awela pẹ̀lú òòlù àti ìṣó. Wọ́n ní òrùlé tí etí páànù rẹ̀ bá ti ṣí ti di apá nìyẹn, ìjì kàn ń wá bó ṣe máa gbé e fò ni. Ní 2019, ìjì ńlá jà. Gbogbo òrùlé tí Bàbá kàn dúró digbí. Ọ̀kan ṣoṣo ló fò, ó lọ balẹ̀ sí ìta mọ́sálásí: ti Bàbá ni. Òrùlé tiwọn nìkan ni ẹlòmíì kò bá wọn wò.

Ọlọ́jọ́ ti dé bá Màmá Mùíbátù ní 2011. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kálukú wa padà síbi tó ti wá: Rùkáyátù sí Kánádà, Umar sí Abuja, Basit sí Agbara níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa retí ẹni tó máa tì í wò láti ìta. Treasure, ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé gíga kan, gbà láti máa ṣe é bó bá ti ń dé láti ibi iṣẹ́. Ó ń tì í wò tọkàntọkàn fún ọdún kan. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni yóò gbà kọjá láìfọwọ́ kàn án, á ní, “Ó ti tì, Bàbá!” Nígbà tó tún yá, láti ẹnu géètì ló ti ń pariwo rẹ̀.

Ní 2013 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kan apá ọkọ̀ òfurufú kan lẹ́yìnkùlé, apá òsì, tó gùn tó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, tó ní etí, tó ní wáyà, tó ní ọ̀pá ìdarí kékeré. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2014. Ẹni tó bá wá kí wọn á ní, “Bàbá, apá ọ̀tún ńkọ́?” Bàbá á ní, “Ẹni tó máa wo èyí kò tíì dé.” A fi í ṣe àwàdà. A ya fọ́tò níwájú rẹ̀ ní Iléyá. Lẹ́yìn tí wọ́n kú ni a tó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí Bàbá fi rúlà fa ìlà sí bíi ti ìwé iṣẹ́ wọn. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn ni ìbuwọ́lù Bàbá wà ní apá kìíní. Ní apá kejì, ìbuwọ́lù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, Bàbá sì fi bírò pupa fa igi lórí gbogbo wọn, wọ́n kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Umar: kò wò ó. Basit: fóònù ló ń wò. Treasure: ó ní ó rẹwà. Rùkáyátù: láti orí fídíò, ó ní, Daddy, mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe é dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Bàbá kírun Àsárì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá náà, wọn kò dìde mọ́. Treasure dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó pariwo pé, “Ó ti tì, Bàbá!” ó sì wọlé tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló tó rí Bàbá lórí bẹ́ǹṣì. A kò bá a wí. Àwa tí à ń pe Bàbá ní fóònù kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn wò. Ọjọ́rú náà ni a sin wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alàgbà Oyèwọlé dé láti Ìjù, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó ń tiro díẹ̀. Ó kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ló ti sọ fún òun nípa ọkùnrin alápá kan ní Ilo-Awela. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti gba ẹ̀yìn ògiri wa kọjá, tí òun rí ṣóńṣó apá náà lókè ògiri, tí òun sì padà. Basit ní, “Ẹ ò bá ti kanlẹ̀kùn, sà.” Ó ní, “Mo rò pé ó máa ránṣẹ́ pè mí.”

A mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí apá. Ó fọwọ́ kan ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára wa gbé àga wá, kò jókòó. A gbé oúnjẹ wá, kò jẹ. Nígbà tó dé ìparí, ó ní kí Basit yí ọ̀pá ìdarí sí òsì. Basit yí i. Etí náà rọ̀ sílẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i, sà? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa,” ni Basit wí.

“Tún un yí.”

Ó tún rọ̀ sílẹ̀. Alàgbà Oyèwọlé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Apá òsì nìyí. Ẹ yí i sí òsì. Ibo ló yẹ kí etí lọ?” Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, àwa tí Bàbá ti fi wákàtí méjì-méjì ṣàlàyé fún láti kékeré. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni gbogbo àlejò fi ń yí ọ̀pá yẹn, tí etí ń lọ lódì, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó gba sùkúdíráfà, ó tú ìdérí. Wáyà méjì ni Bàbá ti so lódì, wọ́n sì di òwú pupa mọ́ méjèèjì, kí ẹni tó bá wò ó má baà ṣì í mọ̀. Bébà kékeré kan wà lábẹ́ wọn, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. “Oyèwọlé, imú rẹ ti kan irin. O pẹ́.” Déètì 2014 ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Alàgbà Oyèwọlé bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Àwa tó yí i ká kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí a bá a rẹ́rìn-ín. Ó rín ẹ̀rín náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì yọ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú wáyà, ó tún un so, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ọ̀pá sí òsì, etí nà sókè. Ó gba ìwé, ó buwọ́ lù ú. Ó wá yíjú sẹ́yìnkùlé kiri, ó ní, “Ọ̀tún ló kàn.”

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé lọ ni àwọn ọmọ wọn: Rùkáyátù, Umar àti Basit, Naimat ìyàwó Basit, Alhaja Mùbárákà àbúrò Bàbá lóbìnrin, àti ọmọ-ọmọ méje, tí Bàbá rí mẹ́rin nínú wọn lójúkojú.

Bàbá wa, orúkọ mọ̀láíkà tó ní apá rẹpẹtẹ ni wọ́n sọ yín, ẹ̀yin sì rí ẹyọ kan kàn láyé. Kí Ọlọ́run Ọba wo gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó dárí èyí tó yí jì yín, kó sì tẹ́ yín sí Alijánnà níbi tí ẹ kò ní máa retí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ sùn ire, Bàbá. Ẹ sùn jẹ́ẹ́jẹ́.

A fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí Wásáàpù ẹbí kí gbogbo ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo wọn ti ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.